Omi Tí Mo Bù fún Àbúrò Mi

Ìkòsì, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 2025.

Màámi,

Mo kí yín, mo kí ilé, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì, títí kan èyí tó máa ń já òwú. Ṣé eékún yín ti gbà kí ẹ máa tẹ ẹ̀rọ pẹ́ díẹ̀?

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo ń kọ. Fóònù yín kò mọ ohùn kẹ́lẹ́ mọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń bá yín gbọ́ ọ. Nígbà tí mo sì pè lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Tiwa ọmọ iṣẹ́ yín ló gbé e, Tiwa ló dáhùn, òun náà ló tún ń sọ ohun tí mo sọ fún yín, bí ẹni pé èdè mìíràn ni èmi ń sọ. Mo gé e. Bọ̀ọ̀dá Ògúntúndé tó ń kó ata láti Ṣakí wá sí Mile 12 ti gbà láti máa bá wa gbé ìwé. Ó ní kí n ṣáà má fi nǹkan tó lè jò sínú rẹ̀.

Mo rò pé ní Èkó ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ mí. Irọ́ ni. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà ní ìdojúkọ wa fi mọ̀ pé ọmọ Ṣakí ni mí àti pé n kì í wo ojú èèyàn. Ó máa ń pariwo pé, "Ọmọ Mummy Edith, gbórí sókè jàre! Kò sí owó nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn!" Ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọn kò ti mọ̀ mí. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ti pe orúkọ mi, ó sì pè é bí orúkọ ọkùnrin.

Àǹtí Mojí, àbúrò yín, ń tọ́jú mi. Gbogbo ọgbà ń pè wọ́n ní Mummy Edith, èmi náà sì ń pè wọ́n ní Mummy, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbí. Láti ìgbà tí Edith ti lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn ni yàrá rẹ̀ ti ṣófo, inú rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n máa ń dì mí lírun lọ́sàn-án Sátidé.

Ẹ kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù wọn rí. Fótòkópì, láminéètì, títẹ ìwé, fífi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìṣe kan. Bí ẹnikẹ́ni bá mú sátífíkéètì wá, wọn yóò kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọn yóò ṣe ẹ̀dà kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe, wọn yóò fi í sínú fáìlì pẹ̀lú orúkọ onítọ̀hún, láìgba nǹkan kan. Onísátífíkéètì lè má tilẹ̀ padà wá mọ́ láéláé. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ Akóredé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́rú: "Mummy, ṣé ẹ fẹ́ fi sátífíkéètì mi ṣọmọ ni?" Wọ́n ní, "Tí tìrẹ bá sọnù, wàá mọ ẹni tí wàá wá bá. Jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀gbẹ́ni."

Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni wọ́n gba gbogbo ìwé tèmi náà, èsì ìdánwò, ìwé ọjọ́ ìbí, gbogbo rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí irin kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Mo rò pé inú yín yóò dùn láti gbọ́ pé ó wà níbi tó dáa.

Ta ló ń lo ẹ̀rọ mi? Ẹ má sọ pé Tiwa.

Ọmọ yín,
Ọmọ́ṣaléwá.


Ṣakí.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, 2025.

Ṣaléwá ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé, ó ń rùn bí ata. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ara mi le, eékún mi ni kò le, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun.

Ta ni Mummy? Mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè ìyẹn ná. Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí rẹ, n kò sì rí Mojí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣà Èkó ni, má ṣàlàyé fún mi. Àṣà Èkó kọ́ ló wá ń dì ọ́ lírun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dì ọ́ lírun, láti ìgbà tó rí bí eérú lórí rẹ, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án. O kàn sọ ọ́ ní ìlà kan, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ gba ìwé rẹ. Sọ pé ilé ẹ̀kọ́ béèrè. N kò fẹ́ kí èsì ìdánwò ọmọ mi wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn Mojí. Má bi mí nídìí. Mojí lè ní ohun kan lọ́kàn sí mi, ìwọ kò sì ní mọ̀, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pọ̀. Gbà á, fi í sínú báàgì tí o ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, sùn tì í.

Tiwa ló ń lo ẹ̀rọ rẹ. O ní kí n má sọ ọ́, mo sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó bá jókòó yóò dípẹtà, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ogójì sì wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rán. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó kù díẹ̀ kó gba fríídọ̀mù. Ó máa ń jí bomi kí n tó jí, ohun tí n kò rí kí ìwọ ṣe rí.

Jẹun dáadáa. Má jẹ búrẹ́dì obìnrin aláriwo yẹn.

Ìyá rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo tí o ní.


Ìkòsì, Kétu.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ ogójì. Ẹ bá mi kí abomi yín.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo ní, "Mummy, ilé ẹ̀kọ́ ní kí a mú ojúlówó ìwé wa wá lọ́la."

Wọ́n ń to bébà sínú ẹ̀rọ, wọn kò wò mí. "Ó dáa. A jọ ń lọ ni."

Mo ní kò nílò, mo lè dá lọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Ṣaléwá, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ọmọ kíláàsì yín ti ń ṣe fótòkópì. Kò sẹ́ni tó béèrè ojúlówó. Ta ló ní kí o gbà á?"

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ irọ́ pa. Mo ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín tó máa ń pọ̀ tí ẹ sọ. Wọ́n ní, "Wọ́n jàre. Wọ́n rò pé màá sọ ọ́ nù. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, mi ò ní gbé ìwé ọmọ mi fún irú èèyàn bíi tèmi."

Wọ́n wá sọ fún mi. Ṣé ẹ̀yin náà rántí rẹ̀? Wọ́n ní ọdún 1997 tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣe ìdánwò àṣejáde, àwọn yege gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ìwé èsì náà sábẹ́ ẹní, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní gbogbo ilé tú ẹrù. Bàbá àgbà nà wọ́n, ó ní òun kò ní rán ọmọ tí kò lè tọ́jú bébà kan lọ sílé ẹ̀kọ́ kankan mọ́. Ìdí tí wọ́n fi wá sí Èkó nìyẹn, láti wá ẹ̀dà rẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìdánwò tí wọ́n lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n mú nọ́ńbà ìdánwò wọn wá. Orí ìwé tó sọnù ni nọ́ńbà náà wà, wọn kò sì há a sórí. Wọ́n pààrà ibẹ̀ títí, ó sú wọn, wọ́n sì jókòó sí Kétu. Wọ́n ní, "Aláìbìkítà ni mí, Ṣaléwá. Bi ìyá ẹ."

Mo ń bi yín. Mo ti gbé ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. N kò tíì rí kí wọ́n sọ ìdérí bírò nù.

Ìwé mi ṣì wà nínú àpótí. N kò lè tún béèrè rẹ̀ mọ́, ojú tì mí.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, ni wọ́n máa gbà wá wọlé ní gbangba, ìyẹn mátíríkúléṣọ̀n, a ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ dúdú, òbí kọ̀ọ̀kan yóò jókòó ti ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin. Ẹ má rán Tiwa wá ní ipò yín, ẹ fúnra yín ni kí ẹ wá.

Ọmọ́ṣaléwá.


Ìkòsì, Kétu.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Màámi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ ata ti dé láìsí ìwé yín. Mo máa ń lọ dúró ní Mile 12 láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ bí onígbèsè. Bọ̀ọ̀dá Ògúntúndé ní ara yín le, pé òun rí yín tí ẹ ń kọ́ Tiwa bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá, pé ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú sára àlùmọ́gàjí. Èmi, ẹ kò di ọwọ́ mi mú rí. Igbe lẹ fi kọ́ mi.

Kí ni mo béèrè tó burú?

Ọmọ́ṣaléwá.


Ṣakí.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. N kò mọ ìkíni tó yẹ kó ṣáájú irú ìwé yìí, nítorí náà jẹ́ kí eléyìí tó.

Èmi ni mo jó o.

Mo ti kọ ìlà yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sì ń fà á ya. Èyí ni n kò ní fà ya.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ju Mojí lọ. Àìsàn dá mi dúró nílé ẹ̀kọ́, ó sì bá mi, a jọ di ọmọ kíláàsì kan náà. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Nígbà tí èsì dé, ó yege mẹ́jọ nínú mẹ́jọ. Èmi yege mẹ́ta. Bàbá wa pa adìyẹ. Ó ní kí Mojí wá bá òun jẹun nínú abọ́ òun, níwájú gbogbo ilé. Mo fara mọ́ ìyẹn. Ìgbà náà ló pè mí: "Motúnráyọ̀, bu omi wá kí Mojí fi fọwọ́."

Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Kí n bu omi ìfọwọ́ fún àbúrò mi. Mojí fúnra rẹ̀ dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bù ú." Bàbá ní, "Jókòó síbẹ̀. Ẹni tó yege ló ń jókòó, ẹni tó fèèlì ló ń bomi." Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ omi yẹn dúró níwájú ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n dàgbà, ó sì rọra tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò wò mí lójú.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Mojí lọ kí àwọn ará àdúgbò. Iná ìdáná kò tíì kú. Mo yọ ìwé náà lábẹ́ ẹní, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi í sí abẹ́ ìkòkò. Kò pẹ́ tó kí èèyàn ka mẹ́wàá.

Ìbínú mi ti tán kí eérú rẹ̀ tó tutù. Ohun tó burú nìyẹn. Bí Bàbá ṣe ń nà án lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ìbínú kankan nínú mi mọ́. Mo lè sọ̀rọ̀. N kò sọ̀rọ̀. Èmi náà bá wọn tú ilé, mo gbọn ẹní, mo wo abẹ́ àpótí, mo ń sọ pé, "Mojí, ronú dáadáa, ibo lo fi í sí?"

Nígbà tí o kọ̀wé pé ó ń dì ọ́ lírun, ohun tó gbé mi lọ́jọ́ náà ló tún gbé mi. Nígbà tí o sọ pé ó ti ìwé rẹ mọ́ àpótí, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó ti mọ̀, pé tìrẹ ló máa fi san án. Mi ò mọ̀ pé láti ìgbà yẹn ló ti ń pe ara rẹ̀ ní aláìbìkítà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè fèsì.

Fa ìwé yìí ya tí o bá kà á tán. Má jẹ́ kó rí i.

Ìyá rẹ.


Ìkòsì, Kétu.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

N kò fà á ya. N kò mọ ìdí. Ó wà nínú ìwé Bàọ́lọ́jì mi.

Lánàá ni wọ́n ń dì mí lírun, mo sì ń sunkún. Wọ́n rò pé àárò ilé ni. Wọ́n ní, "Má dá mi lóhùn tí kò bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má mi orí, ìlà máa wọ́." Mo jókòó sáàárín orúnkún wọn pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lórí, ẹ sì wà ní Ṣakí.

Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Ẹ wá síbi ayẹyẹ náà, kí ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní la ẹnu mi títí di ọjọ́ náà. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ìyẹn lọ.

Ọmọ́ṣaléwá.


Ṣakí.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ṣaléwá,

Mo gbọ́. Màá wá. Màá sì sọ ọ́. Dúró dè mí ní Òjótà lọ́jọ́ náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń já èrò.

Ìyá rẹ.


Ìkòsì, Kétu.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Màámi,

N kò kí yín.

Aago mẹ́jọ ni mo ti wà ní Òjótà lánàá, nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn. Àwọn agbèrò ń pè mí ní lọ́yà. "Lọ́yà, ẹjọ́ ta lẹ fẹ́ rò? Ẹ gba tèmi!" Gbogbo obìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ń tiro. Aago méjìlá lù. Ọ̀kan lù. Wọ́n ti ń pe orúkọ wa nílé ẹ̀kọ́ nígbà yẹn, èmi sì ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.

Mo lọ sí Mile 12. Bọ̀ọ̀dá Ògúntúndé ń já ẹrù lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá ẹ? Òní kọ́ ni fríídọ̀mù Tiwa ni? Nígbà tí mò ń kúrò lánàá, wọ́n ti ń to àga, ìyá ẹ ló ń júwe ibi tí wọ́n máa tò ó sí." Ó tún ní, "Wọ́n rán aṣọ tuntun kan, á wù ọ́."

N kò rántí bí mo ṣe dé Kétu.

Mummy ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ mi. Àwọn ló jókòó sórí àga yín. Wọ́n ní, "Níbo lo wà? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe orúkọ ẹ, èmi ni mo dìde." Mo sọ fún wọn pé ẹ kò wá. Wọ́n ní, "Má bínú sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe nǹkan láìnídìí. Mo mọ̀ wọ́n."

Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ká ní wọ́n bú yín ni, bóyá ǹ bá gbèjà yín. Mo ṣí báàgì mi, mo yọ ìwé yín jáde, mo gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn oníbàárà. Mo ní, "Ẹ mọ̀ wọ́n? Ẹ kà á."

Wọ́n kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe ń ka gbogbo ìwé. Akóredé oníkẹ̀kẹ́ ní, "Mummy, ẹ dá mi lóhùn, mo fẹ́ máa lọ." Wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìgbà wo ni ìwé yìí dé?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"O sì ń jókòó kí n máa dì ọ́ lírun."

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ yìí mo ń gbọ́ tí wọ́n ń di ẹrù nínú yàrá. N kò mọ̀ bóyá tiwọn ni tàbí tèmi. Bí wọ́n bá lé mi, n kò ní ibòmíràn ní Èkó, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn.

Lánàá mo ń sọ fún ara mi pé òótọ́ ni mo gbé fún wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wù mí ni kí ẹ̀yin àti Tiwa má gbádùn aṣọ tuntun yẹn. Mummy ni mo fi ṣe é. Ìbínú náà ti lọ báyìí, n kò sì rí ohun kankan mú padà.

Ọmọ́ṣaléwá.


Ṣakí.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọmọ mi,

Mojí dé ṣáájú ìwé rẹ.

Kí n tó sọ ìyẹn: mo gbé báàgì dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ ku ẹnì kan. Ẹsẹ̀ mi kò wọ̀ ọ́. Mo padà lọ to àga fún Tiwa, nítorí pé lọ́dọ̀ Tiwa, kò sí ohun tí mo ṣe rí. Bí o bá rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ jù ọ́ lọ, o ṣì í. Kò mọ̀ mí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mojí wọlé. Tiwa, tó ṣì ń wá bá mi ránṣọ, dìde fún un kó jókòó. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo tilẹ̀ yọ ìgò ojú mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," bó ṣe máa ń kí mi láti kékeré. Mo ní kí Tiwa àtàwọn yòókù lọ sílé.

Ó gbé ìwé mi sílẹ̀, ó mú bírò àti bébà jáde. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó jó o. Kí ni mo gbà?"

Mo ní, "Mojí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́."

"Ẹ máa bẹ̀ mí tó bá yá. Kí ni mo gbà? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i, inú mi dùn jù, mi ò wò ó dáadáa. Ó ti dà rú mọ́ mi lójú. Ẹ̀yin nìkan lẹ kà á."

Ṣaléwá, kò sí èyí tí mo gbàgbé níbẹ̀. Mo kà á fún un bí ẹni ń ka àkọ́sórí: Yorùbá, A2. Gẹ̀ẹ́sì, C5. Ìṣirò, A3. Bàọ́lọ́jì, C4. Ẹ̀kọ́ Bíbélì, A3. Jọ́gíráfì, C6. Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, A3. Kẹ́mísìrì, P7. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó gbé bírò sókè. "P7 kẹ̀? Nínú Kẹ́mísìrì? Mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé C ni."

"P7 ni."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Òun nìkan ló dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀."

Ó wò mí. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ìgbà yẹn ni mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà bí ọkùnrin, láàárín àwọn àjákù aṣọ, nítorí pé eékún mi kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde.

Ó sùn síbí. Kò jẹ oúnjẹ mi. Láàárọ̀ mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀, kò jẹ́ kí n bá òun gbé báàgì. Ó ní, "Ọmọ yín fìbínú fún mi ní ìwé yẹn. Kò ṣe é nítorí mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi ló máa gbé títí á fi parí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Tèmi àti tiẹ̀, àwa méjèèjì la máa yanjú ẹ̀." Nítorí náà, fi ọkàn balẹ̀. Ibi tí o ń gbé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá bá ọ wí, gbà á.

Ara mi ti fúyẹ́ nígbà náà. Mo ti ń rò ó pé ó ti tán. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní kí n súnmọ́ òun.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo lo oṣù mẹ́ta ní Èkó, mo kọ̀wé sí yín. Mo ní orúkọ wa tẹ̀ léra níbi ìdánwò yẹn, nọ́ńbà wa náà tẹ̀ léra, kí ẹ bá mi wo tiyín, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá yọ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ẹ ò fèsì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ìwé yẹn ò dé. Ṣé ó dé?"

Mo lè sọ pé kò dé. Ó fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, yóò gbà á, yóò sì dárí jì mí títí tí ọkọ̀ náà yóò fi dé Èkó.

Ìwé tí mo jó, ìbínú ni. Èmi àti ìwọ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ dé láti Èkó, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí. Orí mi tutù. Mo jẹun tán, mo kà á, mo mú ìwé èsì tèmi jáde, mo wo nọ́ńbà náà. Mo wá ká méjèèjì pọ̀, mo fi wọ́n sábẹ́ aṣọ, mo sì lọ fọ abọ́.

Mo ní, "Ó dé."

Kò bú mi. Ó fa gíláàsì ọkọ̀ náà pa dé, ó kọjú síwájú. Èrò kò tíì pé nínú ọkọ̀. N kò lè lọ, òun náà kò lè lọ. A wà bẹ́ẹ̀, èmi níta, òun nínú, ó tó ogún ìṣẹ́jú, kí ọkọ̀ tó kún.

Ìyá rẹ,
Motúnráyọ̀.